Aṣọ Ológun Lára Ẹni Tí Kò Lọ Sógun

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi ṣí ilẹ̀kùn ohun tí mo ní í sọ lórí àṣà kan tí ó ti ń gbilẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, tí ó sì ti ń ran díẹ̀ nínú àwa olùkọ́ pàápàá. Bí ẹ̀ka wa bá ti kéde pé a ń lọ gun òkè, tàbí pé a ń lọ sí oko, tàbí pé a fẹ́ lọ gba ohùn àwọn oníjàálá sílẹ̀ ní abúlé kan, ńṣe ni ìdajì àwọn tí yóò wọ ọkọ̀ máa ń múra bí ẹni tí a ránṣẹ́ pè sí ojú ogun. Ẹ ó rí ṣòkòtò alápò mẹ́jọ. Ẹ ó rí bàtà búùtù dúdú tí okùn rẹ̀ gùn dé agbedeméjì ojúgun. Ẹ ó rí ìbọ̀wọ́ tí a ti gé orí ìka rẹ̀ sọnù, bí ẹni pé èkúté ni ó jẹ ẹ́. Ẹ ó rí àpò àgbékọ́yìn tí ọ̀já kún gbogbo ara rẹ̀ bí ẹrù igi tí a fi okùn dì. Paríparì rẹ̀, ẹ ó rí ẹ̀wù aláwọ̀ ewé òun erùpẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní kámò.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí ó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta kan tí ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀ dìde, ó sì gbèjà irú ìmúra bẹ́ẹ̀ tagbáratagbára. Ó ní aṣọ tí ó bá lè gba ológun là lójú ogun yóò gba akẹ́kọ̀ọ́ là nínú igbó. Ó ní ó lágbára, kì í tètè ya. Ó ní àpò rẹ̀ pọ̀, ohun gbogbo sì ń rí ibi tí yóò wọ̀ sí. Ó ní ó ń fi ọkàn ẹni tí ó wọ̀ ọ́ balẹ̀. Àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún un pọ̀. Mo jókòó, n kò sọ nǹkan kan, nítorí pé ìpàdé àwọn ọmọ ni. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn yìí jẹ́ ti gbogbo wa, níbí ni mo sì ti fẹ́ dá a lóhùn. Kí ó má ṣe bínú sí mi. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ í sọ ni ó tọ́ kí a bá jiyàn.

Kí n sọ ibi tí mo dúró sí láì fi epo bọ iyọ̀. Aṣọ àfarawé-ológun kò yẹ fún ìrìn àti iṣẹ́ ìta gbangba tí àwa ń ṣe. Kò yẹ fún ojú ọjọ́ wa, kò yẹ fún owó tí ó wà lápò wa, kò sì yẹ fún àkókò tí a wà yìí. N ó fi ti àkókò sí ìkẹyìn, nítorí òun ni ó dùn mí jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ohun tí a tìtorí rẹ̀ dá àwọn nǹkan wọ̀nyí. Kákí tí gbogbo wa ń pè yìí, èdè àwọn ará Páṣíà ni ó ti wá; eruku tàbí erùpẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1846 ni ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì kan, Harry Lumsden, dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan sílẹ̀ ní Peshawar, ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Pakistan lónìí. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn èyí tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ tí ó jọ erùpẹ̀ ilẹ̀ náà, dípò aṣọ pupa tí ó máa ń tàn yòò lójú ọ̀tá. Ní ọdún 1915, nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọmọ ogun Faransé kó àwọn ayàwòrán jọ, wọ́n ní kí wọ́n máa fi ọ̀dà kun ohun ìjà kí ojú má baà tètè dá a mọ̀. Ní ọdún 1929, àwọn ológun Ítálì tẹ irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ sára aṣọ tí wọ́n fi ń pàgọ́. Nínú gbogbo èyí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni àwọ̀ náà ń ṣe: kí ọ̀tá má ṣe rí ẹni tí ó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ta wá ni ọ̀tá akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ gun Òkè Ìdànrè? Àbí àtẹ̀gùn tí ó ju 600 lọ wọ̀nyẹn ni ó ń sá pamọ́ fún?

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àpò ọlọ́jàá rí. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ni ó mú irú rẹ̀ jáde ní ìparí àwọn ọdún 1990. Ìbú ọ̀já kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 1, àlàfo íǹṣì 1 sì wà láàárín èkíní àti èkejì, kí ọmọ ogun lè so àpò ọta, ìgò omi, rédíò àti ohun ìtọ́jú ọgbẹ́ mọ́ ọn bí iṣẹ́ ọjọ́ náà bá ti rí. Ọgbọ́n ńlá ni. N kò bú u. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní àpò ọta, tí kò ní rédíò, tí ìwé àjákọ kan, bírò méjì àti búrẹ́dì rẹ̀ nìkan ni ó wà nínú àpò, kí ni ó ń fi gbogbo ọ̀já wọ̀nyẹn ṣe? Èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ọ̀kan nínú àpò náà, tòfìfo rẹ̀, lé orí òṣùwọ̀n ìyá tí ń ta ẹran ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 2. Ìyá náà wo ojú wa, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tíṣà, ẹran wo ni ẹ gbé pamọ́ sínú rẹ̀?” A ṣí i hàn án. Òfìfo ni.

Ohun kan tilẹ̀ wà tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣòkòtò alápò púpọ̀ tí ó lókìkí gan-an nínú irú aṣọ wọ̀nyí, èyí tí a ń pè ní 5.11, kì í ṣe ọwọ́ ológun ni ó ti wá. Àwọn tí ń gun àpáta ni ó ni ín. Royal Robbins, ọmọ Amẹ́ríkà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gun ojú àpáta Half Dome ní Yosemite ní ọdún 1957, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń ṣe ṣòkòtò náà fún àwọn agunkè bíi tirẹ̀. 5.11 pàápàá, òǹkà tí àwọn agunkè fi ń sọ bí àpáta kan ti le tó láti gùn ni. Ní àwọn ọdún 1990 ni ó wá di ààyò àwọn òṣìṣẹ́ FBI tí ń gba ẹ̀kọ́ ní Quantico, nígbà tí ó sì di ọdún 2003 ni a dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ láti máa tà á fún àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ológun. Ẹ ò rí i bí? Ohun tí ó dára nínú aṣọ náà, àwọn tí ń gun òkè ni ó ronú rẹ̀. Wàyí o, ọmọ wa tí ó fẹ́ gun òkè lọ ń rà á nítorí pé ó jọ ti ológun!

Olùgbèjà wa ní aṣọ náà lágbára. Lóòótọ́ ni pé aṣọ kan wà tí kì í tètè fàya: wọ́n máa ń fi òwú tí ó nípọn ha àárín òwú tẹ́ẹ́rẹ́ lóròó àti níbùú, tí yóò fi rí wínníwínní bí ojú àwọ̀n, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹ̀gún bá já a níbì kan, yíya náà kò ní í lè kọjá orí òwú nípọn tí ó sún mọ́ ọn. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wúlò. Ṣé òun ni àwọn ọmọ wa ń rà? Ẹ lọ sí ọjà kí ẹ fi ọwọ́ pa á wò. Ayédèrú ni ó pọ̀ jù níbẹ̀: wọ́n tẹ àwòrán ìlà wínníwínní náà sí orí aṣọ lásán, wọ́n sì gan ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń gan ẹnu àpò sìmẹ́ǹtì. Ní ọdún tó kọjá, ṣòkòtò ọmọkùnrin kan ya láti ìdí dé orúnkún kí a tó dé ìdajì òkè, aṣọ ìborùn ọmọbìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó sì ró sọ̀kalẹ̀. Owó tí ó fi rà á tó ra ìwé mẹ́ta nínú àwọn ìwé tí ó ní òun kò rówó rà ní sáà náà. Mo mọ̀, nítorí pé èmi ni ó wá bá pé kí n yá òun ní ìwé.

Ká tilẹ̀ ní ojúlówó ni. Ojú ọjọ́ wa ńkọ́? Aṣọ nípọn tí kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn tí ó sì ń fa oòrùn mọ́ra, kì í ṣe aṣọ ẹni tí ń rìn ní oṣù kẹta ọdún. Bí òjò bá sì pa òwú nípọn, yóò mu omi bíi kànìnkànìn, yóò wúwo, kì í sì í tètè gbẹ. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń fi aṣọ aláwọ̀ búlúù àti dúdú ṣe pàkúté fún eṣinṣin tsetse yóò mọ̀ pé àwọ̀ dúdú nínú igbó kì í ṣe ọ̀rẹ́ ènìyàn. Ẹ̀wù òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ọlọ́wọ́ gígùn, fìlà abetí gbòòrò, ṣòkòtò tí kò fún mọ́ itan, ó tán. Àwọn bàbá wa tí ó fi dàńṣíkí roko kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ara ni àwọn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ń wọ kámò wọ inú igbó fi etí sí. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí irú aṣọ yìí pọ̀ sí bí eṣú, òfin ni ó pàṣẹ pé kí ẹni tí ń fi ìbọn dẹ ìgbẹ́ ní àsìkò ọdẹ àgbọ̀nrín wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tí ń tàn yòò. Kí ni ìdí? Kí ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má baà yìnbọn fún un ní orúkọ ẹran ni. Igbó tiwa náà ní ọdẹ. Ṣakabùlà kò ní ojú. Ọmọ tí ó wọ aṣọ tí a dá láti sọ ènìyàn di ewé, tí ó wá ń rá kórókóró láàárín ewé, tí ó sì ń retí kí ọdẹ dá òun mọ̀ sí ènìyàn, mo fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Bí ó bá tilẹ̀ ṣìnà tí a ń wá a, báwo ni a ó ṣe tètè rí i?

Mo ní n ó fi ọ̀rọ̀ àkókò sí ìkẹyìn. Ó tó àkókò rẹ̀ wàyí.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a ń lọ sí abúlé kan láti gba ìjálá sílẹ̀. Àwọn ọdẹ ti dá wa lóhùn. Wọ́n ní kí a dé kí oòrùn tó mú, nítorí pé wọ́n ní òkú ẹlẹgbẹ́ wọn kan tí wọ́n fẹ́ lọ ṣe ẹ̀yẹ fún ní ọ̀sán. Bí a ti dé ibi kan lójú ọ̀nà, àwọn ẹ̀ṣọ́ dá ọkọ̀ wa dúró. Ọ̀kan nínú wọn yọjú wo inú ọkọ̀, ojú rẹ̀ sì bá akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tí ó wọ kámò láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, “Ìwọ, sọ̀kalẹ̀. Níbo ni o ti ń ṣiṣẹ́ ológun?” Ọmọ náà ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí.” Wọ́n ní kí ó bọ́ ẹ̀wù náà. Wọ́n ní kí ó kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Mo sọ̀kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí mo bí lọ́mọ, mo fi káàdì iṣẹ́ mi hàn wọ́n, mo sọ Yorùbá, mo sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbà wá ní wákàtí méjì ó lé díẹ̀. Nígbà tí a óò fi dé abúlé, àwọn ọdẹ ti lọ sí ibi òkú wọn. Bàbá arúgbó kan ṣoṣo ni a bá, èyí tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè lọ. Ó ní àgbà oníjàálá tí a tìtorí rẹ̀ wá dúró dè wá títí, ó sú u. Ọdún kejì tí a tún padà lọ, àgbà náà ti di ará ọ̀run. Gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, a kò rí i gbà sílẹ̀. Ẹ̀wù kan ni ó fà á.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ni ó jẹ̀bi. Èmi kò gbà pé ó tọ́ kí a kúnlẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ lórí òkúta, mo sì sọ ọ́ fún wọn lójú. Ṣùgbọ́n òfin wà. Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí ó ti wà láti ọdún 1916, ní abala 110 rẹ̀, kò gbà kí ẹni tí kì í ṣe ológun wọ aṣọ ológun tàbí aṣọ tí ó jọ ọ́. Àwa nìkan kọ́. Ní Barbados àti Jamaica, ará ìlú kò gbọdọ̀ wọ kámò rárá, àlejò tí ó wá ṣe fàájì pàápàá kò yọ sílẹ̀. Bí a kò bá fẹ́ òfin náà, ẹ jẹ́ kí a sọ pé kí a yí i padà. A kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yìn ọmọ wa dán an wò.

Ó sì ju òfin lọ. Ní òru ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin ọdún 2014, nígbà tí àwọn apániláyà wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Chibok, aṣọ ológun ni wọ́n wọ̀. Wọ́n sọ fún àwọn ọmọ náà pé ológun ni àwọn, pé àwọn wá gbà wọ́n là. Ọmọbìnrin 276 ni wọ́n kó lọ. Láti ìgbà náà, ìyá tí ó bá wà lóko tí ó rí ẹni mẹ́fà tí ó wọ kámò tí wọ́n ń yọ bọ̀ láti inú igbó, ṣé yóò dúró béèrè bóyá akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni wọ́n? Yóò sọ agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ ni, yóò sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwa wá ń lọ sí abúlé láti lọ tọrọ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, a sì ń fi ìbẹ̀rù ṣe ìwé ìwọlé. Olùgbèjà wa ní aṣọ náà ń fi ọkàn òun balẹ̀. Ọkàn tirẹ̀ nìkan ni. Àwa tí a gbé ayé lábẹ́ ìjọba ológun kí ó tó kógbá wọlé ní ọdún 1999, a mọ ohun tí ìró irú bàtà bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe sí oorun ènìyàn.

Wọ́n á ní, àwọn àgùnbánirọ̀ ńkọ́, tí wọ́n ti ń wọ kákí àti bàtà igbó láti ọdún 1973? Ìjọba ni ó dá a fún wọn, gbogbo ìlú sì mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tí ó rí àgùnbánirọ̀ tí ó sá. Wọ́n á ní, gbérí ọdẹ ńkọ́, ṣé kì í ṣe aṣọ ogun tiwa ni? Ìbéèrè yìí dára ju ti ìṣáájú lọ. Bàbá arúgbó tí a bá lábúlé ní ọjọ́ náà fi gbérí tirẹ̀ hàn wá. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ó rí bí èèpo igi. Ó ki ọwọ́ bọ àpò kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ohun tí ń gbé inú rẹ̀: ètù níhìn-ín, ọta lọ́hùn-ún, ọ̀bẹ pélébé, ìṣáná, oògùn tí kò jẹ́ kí a fọwọ́ kàn. Kò sí àpò kan tí kò níṣẹ́. Ó wá yíjú sí ọmọkùnrin wa, tí ó ti gbé ẹ̀wù rẹ̀ kọ́ apá ní àkókò yìí, ó ní, “Ọmọ mi, àpò mélòó ni ó wà lára ṣòkòtò tìrẹ?” Ọmọ náà kà á, ó ní, “Mẹ́jọ ni, bàbá.” Bàbá ní, “Kí ni ó wà nínú wọn?” Fóònù kan ni ó yọ jáde. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní kí wọ́n bu omi fún un mu.

Kí a má baà sọ pé ojú kan ni mo fi ń wo ọ̀rọ̀, mo gbà pé àwọn nǹkan kan wà tí ológun ń lò tí ó yẹ kí àwa náà ní. Bàtà ni àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ àti ojúgun ni ejò sábà máa ń bù ṣán, ẹni tí ó bá sì wọ sálúbàtà lọ sí oko ní ilẹ̀ paramọ́lẹ̀ ń wá wàhálà. Bàtà igbó tí àwọn ará Amẹ́ríkà lò ní ogun Vietnam, tí apá òkè rẹ̀ jẹ́ aṣọ tí ó sì ní ihò tí omi ń gbà jáde, dára fún ilẹ̀ olómi ju bàtà aláwọ dúdú tí àwọn ọmọ wa ń fi kíwì pa lọ. Ṣùgbọ́n fún oko lásán, bàtà òjò onírọ́bà tí àwọn àgbẹ̀ ń wọ̀ tó, kò sì wọ́n. Aṣọ òjò alágbèékọ́rùn náà dára. Ìgò omi dára. Tọ́ọ̀ṣì orí dára. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ní láti jọ ti ológun kí ó tó ṣiṣẹ́, ó sì yẹ kí àwọn tí ó wà nídìí ètò ìrìn-àjò wa kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí ọjọ́ tó pé, dípò kí a máa sọ fún wọn pé kí wọ́n “múra dáadáa”, kí olúkúlùkù sì máa túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti fẹ́.

Ní sáà tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, a tún ń padà lọ sí abúlé náà. Bàbá arúgbó nì ti ránṣẹ́ pé ọmọ àgbà oníjàálá tí ó kú ti ń sun ìjálá, pé ohùn bàbá rẹ̀ ni ó gbà. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni ọkọ̀ yóò gbéra. Ẹ̀wù àdìrẹ àti bàtà òjò ni èmi yóò wọ̀. Èmi ni n ó sì dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, n ó máa wo aṣọ olúkúlùkù kí ó tó gun òkè.